Ogójì Ọdún Nídìí Táìlì, àti Balùwẹ̀ Ìyé ní Ùgbònlá

Ẹ má bi mí bóyá owó wà nídìí iṣẹ́ táìlì. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí, ó sì ti sú mi pátápátá. Ẹ ó jókòó, ẹ ó mu omi tán, ẹ ó wo ọwọ́ mi tó ti ká kò, ẹ ó wá ní, "Màmá Táìlì, ṣé iṣẹ́ yìí ń mówó wọlé?" Ó mówó wọlé. Mo jẹun, mo rán ọmọ níléèwé, mo kọ́lé sí Igbókọ̀dá. Ó tán níbẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí ni bí ènìyàn ṣe lè fi ogójì ọdún fọwọ́ ṣe táìlì, kó tẹ́ ẹ sí balùwẹ̀ olùkọ́, kó tẹ́ ẹ sí ti òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn ará ilé-iṣẹ́ epo, kó wá jẹ́ pé balùwẹ̀ ìyá tó bí i lọ́mọ ló máa bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ùgbònlá ni wọ́n ti bí mi. Ilé wa dúró lórí òpó, omi ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀, afárá pákó ló sì so ilé kan mọ́ èkejì. Ìyé, bẹ́ẹ̀ làwa níbẹ̀ ń pe ìyá, a máa yan ẹja, a sì máa tún àwọ̀n ṣe. Balùwẹ̀ wa kò ju ògiri imọ̀ ọ̀pẹ mẹ́ta àti ilẹ̀kùn kan lọ. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, a fi àlàfo sílẹ̀ láàárín pákó kan sí èkejì kí omi tí a bá dà sára lè máa bọ́ sínú odò. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé pákó náà ń yọ̀. Ẹ ó fọ̀ ọ́ lónìí, ohun kan tó tutù yọ̀bọ̀, tó ní àwọ̀ ewé, á ti tún bò ó lọ́tunla.

Ìyé sì fẹ́ràn ìwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárọ̀ àti nígbà tó bá ti ìdí èéfín ẹja dé. Á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pè é. Kò sí ọmọ níbẹ̀, kò sí ọkọ, kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹja. Bí mo ṣe sọ fún un pé mi ò fẹ́ yan ẹja, pé iṣẹ́ amọ̀ ni mo fẹ́ lọ kọ́ lókè, ó wò mí títí. Ó ní, "Ọma mi, máa lọ. Ṣùgbọ́n kí o wá fi ohun tí kì í yọ̀ sí ilẹ̀ balùwẹ̀ mi kí n tó darúgbó o." Mo ní mo gbọ́.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Akíntádé ní Òkìtìpupa ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: ẹ̀gbọ́n Ìyé kan tó ń ta ẹja lọ́jà wọn ló mú mi lọ, mo kúnlẹ̀, wọ́n bá mi wí díẹ̀, ó parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá náà fún yín dáadáa, nítorí ẹ̀yin òde òní, tí ọ̀gá bá ti jágbe mọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti di ẹrù yín nìyẹn.

Ọdún kìíní mi, mi ò fọwọ́ kan táìlì kankan. Ẹsẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́. Tí wọ́n bá wa amọ̀ dé, a ó dà á sílẹ̀, a ó fi omi rin ín, màá gun orí rẹ̀, màá sì máa tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Òkúta tó bá gún mi lẹ́sẹ̀, mo gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sínú agolo. Tí mo bá ṣe tán, màá gbé agolo lọ fún bàbá. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ó máa ń ka òkúta!

"Mẹ́tàdínlógún péré? Nínú amọ̀ tí mo mọ̀ yìí? Padà síbẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Ẹsẹ̀ ta ni kì í ro ó? Tẹ̀ ẹ́."

Ọdún kejì, ó fún mi ní ọmọrí odó. Àfọ́kù ìkòkò ni mo ń gún, màá kù ú, màá pò ó mọ́ amọ̀ kí táìlì má baà sán tó bá ń gbẹ. Ọdún kẹta ni mo tó fojú kan férémù. Férémù igi onígun mẹ́rin ni nígbà náà, a ó gbá amọ̀ sínú rẹ̀, a ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gé ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, a ó sì yọ ọ́ sórí pákó lábẹ́ òjìji. Ọjọ́ mẹ́wàá la fi ń yí i padà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má baà ká. Èyí tó bá ká pẹ́nrẹ́n, bàbá á gbé e, á di ojú kan, á fi èkejì wo etí rẹ̀, á sì jù ú sínú kòtò amọ̀ padà. Kò ní sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí kì í sọ yẹn ló ń dùn mí jù.

Tí a bá sun ún nínú iléru tán, tó tutù, á jókòó sórí àpótí, á di ojú rẹ̀, á máa fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára á dún "kíín". Èyí tó ti sán nínú, tí ojú ò rí, á dún "pọ̀ọ̀". Mo rò pé ó ń ṣe àṣehàn ni, àfi ìgbà tí etí tèmi náà là.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí jẹ́, tàbí kí n sọ pé ohun tó tún mi ṣe tó sì bà mí jẹ́, ni abọ́ omi. Tí a bá ti tẹ́ táìlì sílé oníbàárà tán, tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ, bàbá á gbé abọ́ tánganran kan jáde nínú àpò rẹ̀, á bu omi kún un dé ẹnu, á gbé e sáàárín ilẹ̀. Á wá máa rìn láti ògiri kan dé ìkejì, á máa gbẹ́sẹ̀ le ilẹ̀ gbì, gbì. Bí omi yẹn bá kán, kódà ẹ̀kán kan, ká tú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Nínú ilé àlejò ìjọ kan, a tú iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún nítorí ẹ̀kán omi kan! Mo sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́.

"Sunkún tán," ni bàbá wí. "Táìlì tó bá ń mì ti fọ́ ná, ọjọ́ ló kù tó ń retí. Ilẹ̀ tí o bá tẹ́ kò gbọdọ̀ mì. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo gbọ́ jù. Ọdún mẹ́fà ni mo lò, ó gbàdúrà fún mi, mo sì gba òmìnira.

Mo dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Igbókọ̀dá. Ọkọ̀ ẹrù ló ń bá mi gbé amọ̀ wá láti Òkìtìpupa. Ọdún kejì tí mo dá dúró ni mo kọ́kọ́ jẹ iyán mi níṣu. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kànga mi gbẹ. Mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, mo pọn omi, mo fi po amọ̀. Ẹ wò ó, omi tí wọ́n fi wẹ̀ fún mi láti kékeré ni! Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òkun máa ń ti iyọ̀ wọnú odò yẹn. Olùkọ́ kan tó ti Ìbàdàn wá ló fẹ́ tún balùwẹ̀ rẹ̀ ṣe. Táìlì gbẹ tán, ohun funfun kan hù jáde lójú rẹ̀. Mo nù ún, ó tún hù. Mo ní kò sí nǹkan, iná á jó o. Mo fi gíléèsì sí i, ìyẹn ohun tó máa ń yọ́ nínú iná tí ojú táìlì fi ń dán bíi gíláàsì, mo sì kó o sínú iléru. Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo gíléèsì náà ti bó hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ bí ìpẹ́ ẹja.

Olùkọ́ náà mú ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá wa, ṣé àrà tuntun tó dé nìyí ni?" Ojú tì mí, mo gba táìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Akíntádé tìkára rẹ̀ wá wò ó. Kò wulẹ̀ fi ìka kàn án, ńṣe ló fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó ní, "Iyọ̀! Ìwọ ọmọ etí òkun yìí, ṣé o fẹ́ fi táìlì sebẹ̀ ni?" Ọdún yẹn tán kí ẹ̀rín yẹn tó tán lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì gbẹ́ kànga tó jìn.

Ẹ máa ń fẹ́ kí n sọ bí irinṣẹ́ ṣe yí padà. Ó yí padà o. Férémù igi lọ, ẹ̀rọ onírin tí à ń fà wálẹ̀ láti tẹ táìlì dé. Ẹ̀rọ tó ń po amọ̀ dé, ẹsẹ̀ mi sinmi. Iléru tí à ń fi igi dá lọ, èyí tó ń lo gáàsì dé. Mi ò ní purọ́, mo yọ̀ mọ́ wọn. Àfi ìgbà tí táìlì inú páálí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti òkè òkun, pẹlẹbẹ, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, ojú wọn ń dán yànrànyànràn. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ dá lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọdún bíi mélòó kan, ìkòkò òdòdó ni mo ń mọ kí n má baà jókòó lásán. Lẹ́yìn náà, àwọn kan náà tó sá fún mi tún padà wá, fóònù ti wà lọ́wọ́ wọn báyìí, wọ́n ní táìlì tí a fọwọ́ ṣe ló wà lóde. Obìnrin kan fi àwòrán hàn mí, ó ní òun fẹ́ kí táìlì òun rí bí ẹni pé ó ti gbó, kí etí rẹ̀ ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ gbà mí! Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ bí etí táìlì ṣe máa gún, ẹnìkan wá ń bẹ̀ mí kí n wọ́ ọ. Mo wọ́ ọ fún un. Ó tún ní kò wọ́ tó.

Ní gbogbo àsìkò tí mo ń sọ yìí, pákó ṣì ni ilẹ̀ balùwẹ̀ Ìyé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀. Gbogbo Kérésìmesì tí mo bá dé Ùgbònlá, á ní, "Táìlì mi ńkọ́?" Màá ní, "Ìyé, ó ń bọ̀." Iṣẹ́ oníṣẹ́ ló máa ń ṣíwájú tirẹ̀. Nígbà tó lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ó yọ̀ ṣubú lórí pákó yẹn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti bó. Inú bí mi sí ara mi. Mo pa iṣẹ́ gbogbo ènìyàn tì, mo ní màá ṣe balùwẹ̀ tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí láti Ùgbònlá títí dé ìlú Síónì Pẹpẹ.

Mo ṣe é lóòótọ́. Táìlì aláwọ̀ omi òkun ni, mo ya ẹja wẹ́wẹ́ sí i lára, ó ń dán gbinrin. Mo kó o sínú bóòtù pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí a gúnlẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin, apẹja tó ń gbé pẹ̀lú Ìyé, wo ẹrù náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò ní wúwo jù fún ilé yìí?" Mo ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ ni?" Ó ń bá mi gbé e.

Mo kan pákó mìíràn lé pákó, mo dí gbogbo àlàfo pa. Mo da sìmẹ́ǹtì lé e, mo tẹ́ táìlì, mo fi ihò páìpù kan sílẹ̀ ní igun kan kí omi máa gbà á jáde. Ó gbẹ. Mo wá gbé abọ́ omi sáàárín ilẹ̀ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Mi ò tíì rìn, mi ò tíì gbẹ́sẹ̀ rárá, omi inú abọ́ ti ń gbọ̀n. Omi òkun ló ń kún nísàlẹ̀, ilé sì ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí òpó bó ṣe máa ń mì láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé yẹn, èmi tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí pákó yẹn, ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé sìmẹ́ǹtì ló kéré! Mo tún pò sí i, mo tún fi kún abẹ́ rẹ̀.

Ìyé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Ọma mi, kí ni abọ́ yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wò ó bóyá ilẹ̀ ń mì ni, Ìyé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé wo ni kì í mì níbí?"

"Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìgbéraga mi fi pẹ́. Àwọn ènìyàn ń wa ọkọ̀ wá wò ó. Ìyé ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, láàárọ̀, òkun ru, omi kún kọjá bó ṣe máa ń kún. Mo jókòó síta, mò ń mu gààrí. Ìyé wà nínú balùwẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan dún "ká!" Mo gbórí sókè. "Ká! Ká! Ká!" Táìlì ló ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí òpó ti ń fà síbí, tí sìmẹ́ǹtì ń fà sọ́hùn-ún. Kí n tó dìde, igi tó gbé ilẹ̀ náà dá, mo sì gbọ́ igbe Ìyé.

Mo já ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ inú ihò dé itan, táìlì tó fọ́ ti gé e yánnayànna, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti dá. Àbúrò mi àti èmi la fà á jáde. Nínú bóòtù tí a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, aṣọ tí a fi wé e ti pọ́n. Mo ń retí kó bú mi, kó ṣépè, kó sọ nǹkan kan ṣáá. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, ó la ojú, ó ní, "Ó rẹwà ṣá." Mo bú sẹ́kún láàárín odò níbẹ̀.

Egungun náà jiná, ṣùgbọ́n kò jiná dáadáa. Ẹsẹ̀ yẹn ò lè fi agbára dì mọ́ pákó tó ń yọ̀ mọ́. Wọ́n tún ilẹ̀ àtijọ́ tẹ́ padà, pákó àti àlàfo, Ìyé ò sì lè dá wọ ibẹ̀ mọ́ láé. Bọ́sẹ̀, ìyàwó àbúrò mi, ló ń dì í mú, tó ń wẹ̀ fún un. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni Bọ́sẹ̀, kì í kanra, kì í kánjú. Ṣùgbọ́n Ìyé kórìíra rẹ̀, kì í ṣe Bọ́sẹ̀ o, ìwẹ̀ yẹn. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, kò tilẹ̀ wo ojú mi: "Wọ́n wẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Wọ́n á tún wẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo bá kú. Èwo wá ni ti àárín yìí?" Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo fi táìlì mi gba ìwẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbìyànjú. Mo ra àga oníke, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ àlàfo pákó. Mo ra rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, ohun tó ń yọ̀ yẹn bo òun náà. Mo mú un wá sílé mi ní Igbókọ̀dá, níbi tí balùwẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ tó le gbagidi. Ọjọ́ mẹ́jọ péré! Ó ní òyì ń kọ́ òun. Ó ní, "Ilẹ̀ yín yìí kì í mì, èmi wá ni mò ń mì." Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ jókòó sí èbúté, ó ń dúró de bóòtù. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo sìn ín lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó tì í ní Ùgbònlá, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò bàjẹ́. Mò ń ṣàròyé pé gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti tán, pé sìmẹ́ǹtì ò gbà, pé gọ́ọ̀mù ò gbà, pé ìṣó ò gbà. Ó nawọ́ sínú agbọ̀n kan, ó mú nǹkan kan, ó fi okùn dì í mọ́ ìsàlẹ̀ àwọ̀n. Mo wò ó. Àfọ́kù táìlì aláwọ̀ omi òkun ni, orí ẹja kan tí mo yà ṣì wà lára rẹ̀.

"Ìyé, kí nìyẹn?"

"Àfọ́kù táìlì rẹ ni. Òjé wọ́n, mo fi ń ṣe ìwúwo àwọ̀n."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti fọ́ ni. Àbúrò rẹ ń jù ú sókun lójoojúmọ́. Kò fọ́ mọ́."

Kò fọ́ mọ́! Táìlì tí mo fi sìmẹ́ǹtì dè lórí ilẹ̀ jẹ́jẹ́ ò lo ọjọ́ mẹ́wàá. Táìlì tí ìyá mi fi okùn so wà lórí àwọ̀n, ìgbì ń gbá a, wọ́n ń fà á wọnú ọkọ̀, ọdún mẹ́rin, kò fọ́, nítorí pé ó rí àyè yí síbí yí sọ́hùn-ún. Mo sì ti jókòó ti agbọ̀n yẹn, ó tó ìgbà ogún. Mo fi ọwọ́ gbá orí ara mi. Mo ní, "Ìyé, ṣé a lè so táìlì mọ́ pákó?"

Ó wò mí bí ẹni wo ọ̀dẹ̀. "Kí ni a kì í so níbí? Èmi rò pé ìwọ ò fẹ́ ni, ìwọ tó o kọ́ṣẹ́."

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n bínú? Mo bínú o! Mo bínú sí i, mo bínú sí Bàbá Akíntádé tó ti wà nínú sàréè rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo bínú sí ara mi jù. Mo wá lọ ṣiṣẹ́.

Táìlì yẹn ló fún mi ní wàhálà jù láyé mi. Kékeré ni mo gé e, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mi ò fi gíléèsì sí i, mo fi àpò ìdọ̀họ tẹ ojú rẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù kó lè ṣe págunpàgun díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kó má baà yọ̀. Mo fi ọwọ́ pa gbogbo etí rẹ̀ kó má lè gé ẹnikẹ́ni mọ́. Mo fi ọ̀pá kékeré lu ihò méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ihò rẹ̀ sún mọ́ etí jù sán nínú iná. Mo tún un ṣe. Èyí tó yọ dáadáa, mo gbé e lọ fún Ìyé, ó so ó mọ́ pákó kan, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pa á, ó ní, "Kókó okùn ń gún mi." Mo padà sí Igbókọ̀dá. Mo la ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ihò kan dé èkejì kí okùn lè rì sínú rẹ̀, kí kókó rẹ̀ wà lábẹ́ pákó. Ó ní okùn tí mo rà ò dára, ó ní ti àwọ̀n ńlá ni kí n lò. Ó ní kókó tí mo ta máa tú. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe, obìnrin yìí á ní nǹkan sọ! Ọ̀gá méjì ni mo ní láyé mi, èmi ò sì mọ èyí tó le jù nínú wọn.

Ní ìkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, ó na ẹsẹ̀ tó dá yẹn síwájú, ó sì so gbogbo táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ pákó, àlàfo wà láàárín wọn bó ṣe máa ń wà. Èmi ni mo ń na okùn sí i. Ọjọ́ méjì ló gbà wá. Nígbà tó parí, mo tẹ̀ ẹ́ wò. Táìlì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n kan ara wọn wóró wóró, wọ́n sì dúró. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ń pariwo nínú orí mi pé kí n tú u.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyé ní òun fẹ́ wẹ̀. Bọ́sẹ̀ dìde bó ṣe máa ń dìde, ó gbé garawa omi wọlé, ó mú kànhìnkànhìn àti ọṣẹ, ó fẹ́ bá a wọlé. Ìyé gba kànhìnkànhìn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ wá wẹ̀ fún yín ni, Ìyé."

"O ṣé o. Jókòó."

Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bọ́sẹ̀ wò mí, mo wo Bọ́sẹ̀. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo fi etí lé e. Mo gbọ́ tí táìlì dún wóró. Mo gbọ́ omi tó bọ́ sára, tó sì gba àárín táìlì já sínú odò nísàlẹ̀. Táìlì tún dún. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ìyé, ṣé kò sí?"

Omi ló tún bọ́ sódò.

"Ìyé! Ṣé ẹ ò ṣubú?"

"Ìwọ ọma yìí, ìwọ lò ń wẹ̀ ni? Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Mo kúrò. Mo lọ jókòó ti Bọ́sẹ̀ lórí afárá, àwa méjèèjì ò mọ ohun tí a fẹ́ fi ọwọ́ wa ṣe. Omijé ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi, nítorí ìwẹ̀ yẹn ò tán! Oòrùn gun, òkèlè pupuru tí Bọ́sẹ̀ rò fún wa tutù, àbúrò mi ti òkun dé, ó bèèrè Ìyé, a nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ìgbà tó wá pẹ́, a gbọ́ tó kan garawa nílẹ̀ gbangban. Ó pariwo láti inú pé omi ti tán, kí ẹnìkan gbé garawa mìíràn wá sẹ́nu ọ̀nà, kó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, kó má wọlé.